Láti Àgbádárìgì sí Lọ́ńdọ̀nù: Bí A Ṣe Ń Múra Láti Gba Oyè Kejì Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìlú Àgbádárìgì ni àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sí ní 1843, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ìlú wa, pàápàá àwọn tí wọ́n kàwé ní Ọ̀tọ̀-Ìjànìkin àti Ọ̀jọ́, máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe lè lọ gba oyè kejì nínú èdè náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Olùkọ́ ni èmi náà, mo ti lọ, mo sì ti padà dé. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀nà kò là fún kì í ṣe ẹni tí ìwé kò yé. Ìwé wọn ni kò pé lásìkò kan náà. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ó ń parí, bí ẹ bá sì tètè gba èyí tí ó yẹ kí ó kẹ́yìn, yóò ti kú kí èyí tí ó yẹ kó ṣíwájú tó jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún tí ó ṣáájú, kí ẹ sì fi transcript, ìyẹn ìwé máàkì láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti gba oyè àkọ́kọ́, ṣe àkọ́kọ́. Tèmi gba oṣù márùn-ún. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ sí ọ́fíìsì wọn títí àwọn akọ̀wé fi mọ orúkọ mi. Nígbà tí ẹ bá ń dúró dè é, ẹ ka ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan kọ nípa ẹ̀rí èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó san owó ìdánwò IELTS. Àwọn kan ń gba krẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC, àwọn mìíràn kò gbà á. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe IELTS, ọdún méjì péré ni èsì rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́.

Owó ni mo fẹ́ kí a jókòó tì dáadáa. Ìjọba Ìlú Ọba fẹ́ kí ẹni tí ń bọ̀ wá kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé òun ní ìyókù owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́, àti owó oúnjẹ òun ilé fún oṣù mẹ́sàn-án, èyí tí ó ti lé ní £1,500 lóṣù kan. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra láìdín, ọjọ́ tí ó parí ọjọ́ 28 náà kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ẹ bá bèèrè físà. Àkáǹtì tiyín tàbí ti òbí yín ni wọ́n ń gbà, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ìbí àti lẹ́tà òbí. Ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti àbúrò bàbá kò ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ẹbí wa, owó ìrìn-àjò kì í ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo jáde: ẹ̀gbọ́n á dá tirẹ̀, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ á yá ni díẹ̀, èsúsú á sì bọ́ sí i. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ rí yọ ₦60,000 nínú owó náà ní ọjọ́ kejìlélógún, nítorí pé ara ìyá rẹ̀ kò yá. Ó dá a padà ní ọjọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n owó náà ti lọ sílẹ̀ ju iye tí òfin fẹ́, ó di dandan kí ó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 28 láti orí òdo, ẹ̀kọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó pé. Ọdún kejì ni ó tó lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fi owó gidi lé iye tí wọ́n bèèrè, nítorí náírà pẹ̀lú lè já wálẹ̀ láàárín oṣù kan, kí ohun tí ó tó lánàá má tó mọ́.

Àyẹ̀wò ikọ́ ife ni ó tẹ̀ lé e, oṣù mẹ́fà péré sì ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ìkẹjà ni a ti ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Àgbárá sí Mile 2, ẹ kúrò nílé kí ìmọ́lẹ̀ tó là. Fọ́tò àyà ni wọ́n máa ń yà, àmọ́ bí dókítà bá fẹ́ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, èsì rẹ̀ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí náà ẹ má fi sí ìparí.

Lẹ́yìn èyí, yunifásítì yóò fi nọ́ńbà CAS, ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà yín wọlé, ránṣẹ́, ẹ ó sì fi bèèrè físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó san owó ìlera, £776 fún ọdún kan. Iṣẹ́ owó kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, ẹni tí ó sì ń lọ fún oyè kejì tí a ń kọ́ ní kíláàsì kò lè mú aya tàbí ọkọ àti ọmọ dání láti ọdún 2024. Ẹ jókòó sọ ìyẹn nílé kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ tún etí àti ẹnu ṣe. Èdè Yorùbá kò ní ìró v àti z, nítorí náà "van" àti "fan" máa ń di ọ̀kan náà lẹ́nu wa. Àwọn ará ilé wa tí wọ́n ń sọ Ègùn ní àǹfààní níbẹ̀, nítorí ìró méjèèjì wà nínú èdè wọn. "Ship" àti "sheep" ń dà wá láàmú bákan náà. Ẹ máa tẹ́tí sí rédíò BBC lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa tún un sọ sókè.

Ní kíláàsì, orúkọ lásán ni wọ́n ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ta ko ohun tí ó kà, kí ó sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́ nítorí ìtẹríba, wọ́n sì rò pé n kò kàwé ni. Ẹ múra ìbéèrè kan sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ tún jẹ́ kíláàsì. Káàdì ilé-ìkàwé British Library ní St Pancras, níbi tí ìwé àfọwọ́kọ Beowulf, ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wà, jẹ́ ọ̀fẹ́. Yunifásítì UCL ni iṣẹ́ tí Randolph Quirk, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní 1959 wà, láti kó Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn ń sọ tí wọ́n sì ń kọ jọ, kí a lè kẹ́kọ̀ọ́ láti ara rẹ̀. Ẹ ṣe irú rẹ̀ níwọ̀n tiyín: ẹ mú ìwé kékeré kan sápò, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì àti lọ́jà sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, àpò ìyá àgbà kan ya ní ibùdókọ̀ Peckham, ọsàn rẹ̀ sì túká sílẹ̀. Bí mo ṣe ń bá a ṣà á, mo ní "sorry, sorry", gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pẹ̀lẹ́ nílé. Ó wò mí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, ó ní èmi kọ́ ni mo ya á. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí àkókò tó láti mú orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ojú ewé yẹn ni mo ṣí.