Àtúnṣe Ilé Kí Ìkókó Tó Dé: Nẹ́ẹ̀tì, Ẹ̀rọ Omi, Ọ̀dà àti Àpótí Aṣọ Ọmọ

Oṣù kẹrin sí oṣù keje oyún ló dára jù láti tún ilé ṣe de ìkókó. Ṣáájú ìgbà náà, èébì àti àárẹ̀ kì í jẹ́ kí aboyún fẹ́ gbóòórùn nǹkan kan. Bó bá sì ti kọjá ìgbà náà, ikùn ti tóbi, ẹ̀yìn ti ń dùn ún, òórùn ọ̀dà ò sì ní ráyè lọ tán kí ọmọ tó wọlé. Torí náà, iṣẹ́ tó ní òórùn àti eruku ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Rírán, fífọ̀ àti títò lè dúró de oṣù kẹjọ.

Ẹ kọ́kọ́ pín iṣẹ́ láàárín ara yín. Aboyún ò gbọdọ̀ gun àkàbà tàbí kó dúró lórí àga láti fi nǹkan kọ́. Ikùn tó yọ síwájú ti yí bí ara ṣe ń dúró padà, ẹsẹ̀ tó ń dúró ṣinṣin tẹ́lẹ̀ lè yẹ̀ lójijì. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 tó bá kún wúwo tó kílò 25, kì í ṣe ẹrù aboyún. Ẹ máa bù ú sí garawa kékeré. Kó má fín oògùn kòkòrò, kó má fọwọ́ kan wáyà iná, kó má sì ha ọ̀dà àtijọ́. Ohun tó rọrùn fún un ni wíwọn nǹkan, gígé nẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì, àti rírán.

Fèrèsé àti ẹ̀fọn

Ibi tó yẹ kí owó àti àsìkò kọ́kọ́ lọ nìyí. Ibà máa ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ fún aboyún, ó sì lè jẹ́ kí ọmọ kéré jù nígbà tí wọ́n bá bí i. Kòkòrò ibà tiẹ̀ lè wà nínú ibi ọmọ láìjẹ́ pé ara ìyá gbóná rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aboyún ní oògùn ibà ní ilé ìwòsàn láti ọ̀sẹ̀ 13, tí wọ́n á sì tún máa fún un lẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe sọ pé ara yín yá kẹ́ ẹ wá kọ̀ ọ́.

Láti mọ ibi tí ẹ̀fọn ń gbà wọlé, ẹ dúró kí ilẹ̀ ṣú. Ẹ tan iná sí yàrá, ẹ ti fèrèsé, kí ẹnì kan sì dúró síta. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ tín-ín-rín ní ẹ̀gbẹ́ férémù, lábẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí wáyà gbà wọlé, ẹ̀fọn lè gba ibẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

Bí ihò ara nẹ́ẹ̀tì ò bá ju ẹyọ owó lọ, ẹ gé nẹ́ẹ̀tì mìíràn tó fi íǹṣì kan ju ihò náà lọ yí ká, kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú ọ̀rá tí wọ́n fi ń pẹja rán an. Gọ́ọ̀mù kì í pẹ́ lórí fèrèsé tí oòrùn ń pa: á gbẹ, á sì ṣí.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo nẹ́ẹ̀tì ló ti gbó, ẹ wọn férémù onígi náà, kẹ́ ẹ fi íǹṣì méjì kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé tó ga ní íǹṣì 48, tó fẹ̀ ní íǹṣì 36, nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á jẹ́ 52 sí 40. Ẹ fi súkúrù-dírába pẹlẹbẹ yọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó di nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mú. Àárín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibi igun ló ti máa ń kán. Ẹ wá kan ìṣó kékeré kan sí àárín òkè, ẹ fa nẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ kó le, ẹ kan òmíràn sí àárín ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì, kẹ́ ẹ tó máa kàn án lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, íǹṣì mẹ́rin mẹ́rin síra. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun kan lọ sí ìkejì, bó bá fi máa parí, nẹ́ẹ̀tì á ti hunjọ sápá kan, àlàfo á sì wà nísàlẹ̀. Ẹ dá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ padà, kẹ́ ẹ tó fi bíléèdì gé èyí tó yọ síta.

Ti fèrèsé alumíníọ̀mù tó ń sún yàtọ̀: okùn rọ́bà ló di nẹ́ẹ̀tì mú nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ fà á yọ, ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì tuntun lé e, kẹ́ ẹ fi ìdí ṣíbí tẹ rọ́bà náà padà. Bí rọ́bà bá ti le tó ń sán, ẹ ra tuntun. Èyí tó ti le ò ní di nǹkan kan mú.

Nẹ́ẹ̀tì olóògùn ti orí bẹ́ẹ̀dì ṣì pọn dandan, bí fèrèsé tiẹ̀ le koko. Bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u nínú ọ̀rá, ẹ ta á síbi ìbòòji fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ lásán ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, láìlo ọṣẹ oníyẹ̀fun tàbí omi tó ń sọ aṣọ di funfun, kẹ́ ẹ sì tún sá a síbi ìbòòji. Oòrùn àti ọṣẹ líle ló máa ń pa oògùn ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ omi tó ń kán

Omi tó ń kán máa ń rọ ilẹ̀ kó yọ̀, ó sì máa ń dúró sínú ike àti agolo tí ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ẹ̀rọ ló ti ń kán lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa á tán, wáṣà, ìyẹn rọ́bà róbótó inú ẹ̀rọ, ló ti jẹ. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni.

Ẹ pa omi láti ibi fáfù tàbí ìdí táǹkì, kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀rọ náà kí omi inú páìpù tán. Ẹ fi àkísà dí ihò síǹkì, torí súkúrù kékeré orí ẹ̀rọ máa ń já bọ́ síbẹ̀. Ẹ tú ọwọ́ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fi sípánà tú nọ́ọ̀tì ńlá abẹ́ rẹ̀ sí òsì. Bẹ́ ẹ ti ń tú u, ẹ fi ọwọ́ kejì di ara ẹ̀rọ mú gírígírí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: bí ẹ̀rọ bá yí pẹ̀lú sípánà, páìpù inú ògiri lè kán, iṣẹ́ wáṣà á sì di iṣẹ́ fífọ́ ògiri.

Nísàlẹ̀ irin tẹ́ ẹ bá fà yọ, ẹ máa rí rọ́bà róbótó dúdú kan. Bó bá ti jẹ́ wáṣà tó gbó, ẹ máa rí òrùka jíjìn lójú rẹ̀, níbi tí irin ti tẹ̀ ẹ́ títí. Ẹ mú un dání lọ sí ọjà, kẹ́ ẹ ra èyí tó bá a dọ́gba. Ti ẹ̀rọ ìdajì íǹṣì ló wọ́pọ̀. Kẹ́ ẹ tó dá a padà, ẹ ki ìka bọ inú ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fọwọ́ pa ibi tí wáṣà ń jókòó lé. Bó bá dán, ó dára. Bó bá ní ojú pàlàpàlà tàbí ìlà jíjìn, wáṣà tuntun náà á jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ kúkú pààrọ̀ ẹ̀rọ náà.

Bẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wé tépù funfun ti púlọ́ńbà mọ́ ẹnu rẹ̀ nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, síbi tí ọwọ́ aago ń yí sí tẹ́ ẹ bá kọjú ẹnu náà sí ara yín. Bẹ́ ẹ bá wé e síbòmíràn, á máa tú bẹ́ ẹ ti ń dè é. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé díẹ̀ ló ń yí láti ṣí kò ní wáṣà; odindi inú rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀.

Balùwẹ̀

Ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lórí sìmẹ́ńtì ló ń yọ aboyún ṣubú jù, òun náà ló sì ń yọ ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ. Ẹlòmíràn ni kó fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe da omi ìfọṣọ-funfun pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ ilé ìgbẹ́ tó ní ásíìdì: èéfín tó ń jáde níbẹ̀ máa ń jó ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ń dán jù, ẹ fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì kan án kó rí kọ́rọ́kọ́rọ́, ẹ rọ ọ́ ní omi, kẹ́ ẹ po sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan mọ́ iyanrìn ìwọ̀n mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ lé e, kó máa dagẹ̀rẹ̀ lọ síbi ihò omi. Kó tó gbẹ, ẹ fa ìgbálẹ̀ lórí rẹ̀ kó ní ìlà. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ lórí ilẹ̀ dídán láìkàn án, á bó bí èèpo.

Ọ̀dà

Ọ̀dà olómi ni kẹ́ ẹ lò nínú yàrá. Èyí tí wọ́n ń fi tínà tàbí kẹrosíìnì pò ní òórùn tí kò dára fún aboyún. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tó ga ní 10, bẹ́ ẹ bá máa kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, garawa lítà 4 mẹ́ta ti ọ̀dà tó dára á tó. Olówó pọ́ọ́kú lè má tó, torí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí aboyún sì sun yàrá mìíràn títí òórùn á fi lọ.

Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ń bó, ẹ má ṣe fi sáńdípépà gbígbẹ ha á. Ọ̀dà elépo tó ti pẹ́ lè ní òjé nínú. Eruku rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú, tó ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ fi omi rọ ògiri kẹ́ ẹ tó ha á, ẹ kó èérún rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ sì fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò gbígbá. Ogiri tó ń rin láti ìsàlẹ̀ kò ní gba ọ̀dà kankan. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá.

Jẹnẹrétọ̀ àti gáàsì

Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pani kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń gba àyè afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú sì ń dì í mú ju ti ìyá lọ. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, aboyún á sì rò pé oyún ló ń ṣe òun. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí gbogbo yín bọ́ síta, kẹ́ ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí bàkónì. Ó kéré tán, kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ̀yìn sí ilé. Bákan náà, ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá ìkókó nítorí òtútù.

Ní ti gáàsì, ẹ po ṣíbí ọṣẹ kan mọ́ ife omi kan, kẹ́ ẹ fi kànrìnkàn pa ìfófòó rẹ̀ sí orí sílíńdà àti ìdí rọ́bà méjèèjì. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹ pa á, ẹ dè kílíìpù kó le, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tẹ rọ́bà kọ́rọdọ: bó bá sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ìṣáná wá a láéláé.

Àpótí aṣọ ọmọ

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà ló ń fi aṣọ ọmọ tó ti tò pamọ́ ránṣẹ́, káńfọ̀ ló sì wà láàárín rẹ̀: kóró funfun róbótó tí wọ́n fi ń lé aáyán. Ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa, pàápàá ọmọkùnrin, ni G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, kò tó lára wọn, ẹ ò sì lè fojú mọ̀ ọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń mí òórùn káńfọ̀, tàbí tí aṣọ náà kàn án lára, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ẹyinjú àti ara rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú. Ibà pọ́njú yìí lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹyinjú ọmọ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Sísá ọmọ sí oòrùn kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún yín, kẹ́ ẹ kó gbogbo káńfọ̀ jáde ní ilé, kì í ṣe nínú àpótí ọmọ nìkan. Ẹ sá aṣọ náà síta fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún sá a. Ẹ wá ká a pọ̀ sínú ọ̀rá fún òru kan, ẹ ṣí i láàárọ̀, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn tó sá pamọ́ nínú oòrùn máa ń jáde padà nínú ọ̀rá. Bó bá ṣì ń rùn, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá lọ, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ fún ọmọ.

Bí aáyán lẹ ń sá fún, ike oníderí tó dé pinpin ti tó. Ẹ fi omi ọṣẹ nu inú rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí aṣọ tí kò gbẹ tán á bu nínú ike. Èyí tó kéré jù ni kó wà lókè, pẹ̀lú fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ méjì tẹ́ ẹ máa gbé lọ sí ilé ìbímọ, kẹ́ni tó bá sáré wọlé lóru lè rí i láìtan gbogbo iná.