Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó gé e: ìbora ìkókó alápá méjì
Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ rán ìbora ọmọ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú àlùmọ́gàjí. Ẹ kọ́kọ́ fọ ańkárá tó máa wà lójú kan àti fúláńẹ́ẹ̀lì, aṣọ múlọ́múlọ́ tó máa wà lójú kejì, ẹ sá wọn gbẹ, ẹ lọ̀ wọ́n. Fúláńẹ́ẹ̀lì máa ń súnkì ju ańkárá lọ. Bí ẹ bá rán wọn pọ̀ láìfọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ ìbora náà ni ojú ańkárá yóò hunjọ, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tún un ṣe. Tó bá jẹ́ àdìrẹ, ẹ ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara.

Ẹ gé méjèèjì ní ínṣì 36 sí 36. Ẹ dojú wọn kọra, ẹ fi píìnì mú wọn, ẹ rán an yípo ní ìdajì ínṣì sí etí, ẹ fi àyè ínṣì 5 sílẹ̀. Ẹ ka píìnì: iye tó wọlé ni kó jáde! Ẹ gé ṣóńṣó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò ki bíi kókó. Ẹ gba àyè tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn yí i síta, kí ẹ rán etí rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn ló máa pa àyè náà dé.

Kò sí bọ́tìnnì, kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnu ni ọmọ máa fi sí. Ẹ má lo bílíìṣì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, ẹ má fi bò ó sùn, ó lè dí i nímú.