Bó o ṣe lè jèrè lára iṣẹ́ ilé tó ò ń ṣe lójoojúmọ́

Ká sọ tòótọ́, mélòó nínú wa ló ń jí láàárọ̀ tínú ẹ̀ ń dùn pé òun fẹ́ lọ fọ abọ́? O fọ̀ ọ́ tán, ilẹ̀ ò tíì ṣú tó ti tún kún padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé a ò lè ṣe ká má ṣe é, tá a bá ń sáré ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń lé, tá a tún ń kùn sí i, a ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Má kó gbogbo ẹ̀ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà o, ẹyọ kan péré ni kó o mú. Èmi á ní kó o mú abọ́ fífọ̀, torí kò gba ìrònú rárá. Gbé fóònù sí yàrá míì. Bu omi tó gbóná débi tí ọwọ́ ẹ lè gbà, ife ni kó o kọ́kọ́ fọ̀, ṣíbí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwo, ìkòkò tó lọ́ràá ló máa kẹ́yìn, torí tó o bá ti ti ìkòkò bọ omi yẹn ṣáájú, ọ̀rá á gba gbogbo ẹ̀, ife ẹ á kàn máa yọ̀ lọ́wọ́ ni. Tí ẹyin bá gbẹ mọ́ àwo, omi tútù ni kó o fi rẹ ẹ́, omi gbígbóná á tún sè é mọ́ ọn lára ni. Ìkòkò tó jóná ńkọ́? Má bá a jà, bu omi sí i, gbé e kaná kó hó díẹ̀, á rọ̀ fúnra ẹ̀.

Bó o ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ, òórùn ọṣẹ yẹn, bí omi ṣe lọ́wọ́ọ́wọ́, bí ife tó ti mọ́ ṣe máa ń han tó o bá fi ìka rá a, ibẹ̀ ni kí ọkàn ẹ wà. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré létí ẹ, àmọ́ lọ́dún 2015 àwọn olùwádìí ní Florida State University ní Amẹ́ríkà gbé èsì irú ẹ̀ jáde, akẹ́kọ̀ọ́ 51 ni wọ́n kó fọ abọ́, wọ́n ní kí àwọn kan fọkàn sí òórùn ọṣẹ àti omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, àwọn yòókù kàn ka ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́ kí wọ́n tó fọ tiwọn ni. Àwọn tó fọkàn sí i ní àìbalẹ̀ ọkàn àwọn fi nǹkan bí ìdá 27 nínú 100 dín kù, àwọn yòókù ò rí nǹkan kan. Èèyàn 51 ò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí lo máa pàdánù tó o bá dán an wò?

Aṣọ kíká ní tiẹ̀, má dá a ṣe, pe ọmọ mọ́ra. Ọmọ tó jẹ́ pé "dáadáa" ló máa ń fi dá ẹ lóhùn tó o bá bi í nípa ilé ìwé, á tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń wá ìkejì sọ́ọ̀kì, torí ò ń wo aṣọ, o ò tẹjú mọ́ ọn. Ibẹ̀ náà lo ti máa rí bọ́tìnnì tó ti fẹ́ já.

Tó bá di ilẹ̀ gbígbá, nu eruku òkè ná kó o tó gbá ìsàlẹ̀, kó o má bàa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Má sì retí kó mọ́ ẹ lára láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Phillippa Lally àtàwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí ní University College London rí i pé nǹkan bí ọjọ́ 66 ló ń gba èèyàn kí nǹkan tuntun tó di bárakú, ẹlòmíì 18, ẹlòmíì 254, téèyàn bá sì fo ọjọ́ kan, kò bà á jẹ́. So ó mọ́ nǹkan tó o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: o jẹun alẹ́ tán, sinkì ló kàn.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé yẹn, tí àwọn yòókù nawọ́ nasẹ̀ síbì kan, gbàgbé òórùn ọṣẹ, ẹ kọ́kọ́ pín iṣẹ́ yẹn. Má sọ pé kí wọ́n ràn ẹ́ lọ́wọ́ o, odindi iṣẹ́ kan ni kó o gbé lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ẹni tó gba aṣọ, òun ló máa fọ̀ ọ́, òun ló máa sá a, òun ló máa ká a, tí kò bá sì ká a bó o ṣe máa ń ká a, jọ̀ọ́, má lọ tún un ká lẹ́yìn ẹ̀.