Túùbù mẹ́jọ kí n tó mọ ohun tó ń ṣe ọwọ́ mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. Túùbù ìpara mẹ́jọ ni mo rà ní kẹ́místì láàárín oṣù márùn-ún, èyí tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú ẹ̀ yẹn. Tí mo bá ti fi pa á, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta ọwọ́ á ti dán, inú mi á dùn, mà á tún padà sídìí abọ́ (oúnjẹ ni mò ń tà, ẹ̀yin náà mọ iye abọ́ tó ń bẹ ńbẹ̀), ọ̀sẹ̀ ò ní yí po tí ìka á tún fi sán, táá máa yún mi, tí omi á máa jáde lára ẹ̀, awọ ọ̀hún sì wá ń fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n ní làpálàpá ni. Làpálàpá wo?

Eczema ni dókítà awọ pè é. Kì í ràn o, kí àwọn kọ́sítọ́mà tó ń wo ọwọ́ mi bákan gbọ́! Omi, ọṣẹ ẹlẹ́bu àti bílíìṣì ló ti fọ òróró ara kúrò níbẹ̀, sítẹ́rọ́ọ̀dì inú túùbù yẹn (oògùn tó ń mú kí yíyún àti wíwú rọlẹ̀) ló kàn ń bò ó mọ́lẹ̀, òun náà ló sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́. Dókítà fún mi ní ìpara tí mà á fi pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ní Vaseline ni kí n máa fi ra ọwọ́ gbàrà tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, kí omi tó gbẹ. Ọṣẹ dúdú tí mo gbójú lé ńkọ́? Ó ní kí n gbé e jìnnà, eérú inú ẹ̀ le jù fún awọ tó ti bó.

Ìbọ̀wọ́ tí kò ní jẹ́ kí omi abọ́ kan ọwọ́ ló wá dá mi dúró. Mo ra ti rọ́bà, ọ̀sẹ̀ kan péré, ó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Òógùn ni, ṣe ni ọwọ́ ń jinná nínú ẹ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú ewé. Mo pe nọ́ọ̀sì, ó ní ṣé mo wọ ti òwú sábẹ́ ẹ̀? Ta ló sọ fún mi!

Mo wá ti òwú yìí dé Dùgbẹ̀, mo dé Gbági, rọ́bà ni gbogbo wọn ń nà sí mi, ẹnì kan tiẹ̀ yọ èyí tí ìyàwó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jáde, oníléèsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ṣì ń ta mí. Ìgbà tó sú mi, mo kó síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ mi mẹ́ta lọ bá aránṣọ (ó ṣì ń bínú), mo tẹ́ ọwọ́ lé pépà, ó fà á, ó gé e, ó rán an. Owó tó gbà ò tó ti túùbù kan! Èmi ni mo ronú ẹ̀ o, kì í ṣe dókítà. Tó bá ti rin, mà á pààrọ̀ ẹ̀, n kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Oṣù kẹta rèé, mo ti ń gún iyán láìké. Ìbọ̀wọ́ ni ǹ bá ti kọ́kọ́ wá, ǹ bá má ra ìpara kankan. N ò tíì bọ́ ọ o, dókítà ní awọ á dán lókè tán, inú ẹ̀ ṣì máa ń pẹ́ kó tó san. Túùbù kẹjọ ṣì wà lórí fíríìjì, n ò jù ú nù, kí n lè máa rí i kínú máa bí mi.