Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ehoro Tí Inú Ń Yọ Lẹ́nu

Bí ehoro yín kò bá fẹnu kan koríko láti àárọ̀, tí ìgbẹ́ inú àgò sì ti dín kù, ẹ má rò pé ó yó ni. Ara rẹ̀ kò yá. Ehoro kì í ké nígbà tí inú bá ń rọ́ ọ. Ńṣe ni yóò ká jọ sí igun kan, ojú rẹ̀ yóò padé díẹ̀, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò ní ó ń sinmi ni. Inú igbó ni irú rẹ̀ ti jogún ìwà yẹn, torí ẹran tó bá fi àárẹ̀ hàn ni ẹranko apẹran máa ń kọ́kọ́ gbé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tó ń sin ehoro nílé, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù: ẹ má sọ pé ẹ ó wò ó di ọ̀la. Wákàtí 12 láìjẹun ti léwu fún ehoro àgbà. Ọmọ ehoro kò tilẹ̀ lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀.

Ìfun ehoro kì í fẹ́ ìsinmi. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ máa wọlé kí èyí tó wà nínú lè máa jáde, fọ́nrán inú koríko ló sì ń mú kí ìfun náà máa ṣiṣẹ́. Níbi tí ìfun kékeré parí sí, àpò ńlá kan wà tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wúlò ti ń sọ koríko di èròjà tí ara lè lò. Bí fọ́nrán bá dín kù, tí omi kò tó, tàbí tí ẹ̀rù, ooru tàbí ìrora bá dé, ìfun á rọra dúró. Oúnjẹ á gbẹ sínú, afẹ́fẹ́ á kó jọ, inú á máa dun ehoro, kò ní lè jẹun, àìjẹun yẹn á sì tún dá ìfun dúró sí i. Ehoro kò sì lè bì, nítorí náà ohun tó bá ti wọlé kò ní ọ̀nà míì bí kò ṣe ìsàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbẹ́ rẹ̀

Ìgbẹ́ ehoro tí ara rẹ̀ dá máa ń rí roboto, ó gbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba, bí ẹ bá sì fọ́ ọ, ẹ ó rí koríko lílọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá kéré sí ti tẹ́lẹ̀, tó rí játijàti, tí irun so ó pọ̀, tàbí tí ikun bò ó, ìfun ti ń falẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí rárá, ẹ pe dókítà ẹran kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ìtọ́jú tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, ohun tí ẹ lè máa ṣe nílé kí ẹ tó rí dókítà, àti lẹ́yìn tí ẹ bá rí i tán, ni.

Ìgbẹ́ kejì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú fún àìsàn. Ó rọ̀, ó dúdú, ó ń dán, ó so mọ́ra, ó sì ń rùn. Ehoro fúnra rẹ̀ ló máa ń fẹnu gbà á jẹ láti ìdí, pàápàá lóru tàbí ní ìdájí, torí èròjà aṣaralóore ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má bá a jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rí i nílẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ irun ìdí, ó ṣeé ṣe kí fíìdì àti èso ti pọ̀ jù, tàbí kí ehoro ti sanra débi pé ẹnu rẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ dín fíìdì kù, ẹ fi koríko kún un.

Ìgbẹ́ gbuuru gan-an yàtọ̀: omi ni, ó ń da gbogbo ìdí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rú. Màá padà sórí ìyẹn.

Ẹ fọwọ́ kan ikùn àti etí

Ẹ gbé ehoro ka itan, ẹ má dojú rẹ̀ dé òkè. Ẹ fi ìka rọra tẹ ikùn rẹ̀ lápá méjèèjì. Ikùn tó dáa máa ń rọ̀, ó sì máa ń mì díẹ̀. Bí ikùn bá le bí awọ ìlù, tí ehoro ń fi eyín lọ eyín, tí ara rẹ̀ sì ti rọ, ó lè jẹ́ pé nǹkan ti dí ìfun pa. Ẹ má fún un ní oúnjẹ, ẹ má fún un lómi, ẹ má tẹ ikùn náà mọ́. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ọ̀rọ̀ wákàtí díẹ̀ ni.

Ilé-ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì méjì ló sún mọ́ wa: ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta, tó rọrùn fún ará Rẹ́mọ, àti ti Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn dókítà ẹran aládàáni náà wà káàkiri ìlú wa, ṣùgbọ́n adìẹ àti ajá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń rí lójoojúmọ́. Ẹ pè ṣáájú, kí ẹ bi wọ́n léèrè tààrà bóyá wọ́n máa ń tọ́jú ehoro. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í bínú sí irú ìbéèrè yẹn.

Inú páálí tó ní ihò, tí ẹ tẹ́ aṣọ sí, ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má gbé e lórí ọ̀kadà nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ kó ìgbẹ́ tuntun rẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá mímọ́ dání, torí dókítà yóò fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ mú kí ara rẹ̀ móoru

Ìgbóná ara ehoro tó péye wà láàárín 38.5 sí 40 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ǹtígíréèdì. Ẹni tó bá ní tamómítà, tó sì ti kọ́ bí a ṣe ń lò ó, lè fi faselíìnì pa á lẹ́nu kó tó rọra tì í sí ìdí. Ẹni tí kò bá ní, kó fọwọ́ kan etí. Bí etí àti ẹsẹ̀ bá tutù ju bó ṣe máa ń rí lọ, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e dáadáa, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sì fi àyè sílẹ̀ kó lè sún kúrò bó bá fẹ́. Ehoro tí ara rẹ̀ tutù kò lè lo oúnjẹ. Ìmóoru gbọ́dọ̀ ṣáájú oúnjẹ.

Ní oṣù Fẹ́búárì àti Máàṣì, òdìkejì ni a máa ń rí. Ooru abẹ́ páànù lásán lè dá ìfun ehoro dúró. Bí ó bá ń mí gúlegúle tí etí rẹ̀ gbóná, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ fi omi tútù (kì í ṣe omi yìnyín) rin etí rẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà.

Omi, lẹ́yìn náà oúnjẹ

Ehoro tó wọn kìlógíráàmù 2 lè mu omi tó ìdajì ọ̀rá piọ̀wọ́tà lóòjọ́. Ẹ bu omi sínú abọ́ tó wúwo dípò ike tó ń kán tótó. Ehoro máa ń mu púpọ̀ sí i nínú abọ́. Bí kò bá mu, ẹ ra sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì, ti mílílítà 5 tàbí 10. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé ehoro, kí orí rẹ̀ nìkan yọ. Ẹ ti ẹnu sírínjì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, níbi àlàfo tó wà lẹ́yìn eyín iwájú. Ẹ tẹ mílílítà kan, ẹ dúró kó gbé e mì, ẹ tún tẹ òmíràn. Ẹ má gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ má sì kánjú, torí ohun tó bá gba ẹ̀dọ̀fóró lọ yóò di wàhálà mìíràn.

Oúnjẹ aláìsàn tí wọ́n ń ṣe fún ehoro nílẹ̀ òkèèrè ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹ lè ṣe tiyín. Ẹ rẹ fíìdì ehoro oníkóró sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí yóò fi wú, ẹ fi ewé yúnyún tí ẹ ti fọ̀ kún un, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Kó ṣàn wẹ́rẹ́ nínú sírínjì. Fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ehoro bá wọn, ẹ fún un ní bíi mílílítà 10 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lóòjọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ máa fún un ní omi díẹ̀ láàárín.

Ẹ fi koríko tútù sí iwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Yúnyún ni mo fọkàn tán jù, torí ehoro tó kọ gbogbo nǹkan ṣì máa ń fẹ́ fi imú kàn án. Ewé ọ̀dùnkún náà dáa díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó máa rìn lórí ilẹ̀, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ rọra pa ikùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìrìn máa ń jí ìfun. Bí ó bá ní ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń gbé, tí kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má yà wọ́n. Ìdánìkanwà máa ń fi ẹ̀rù kún àìsàn.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu rẹ̀

Ibí yìí ni ìfẹ́ wa ti máa ń pa ehoro. Nílé Yorùbá, aláìsàn ni à ń po ògì fún. Ògì, gàrí rírẹ, búrẹ́dì àti bísíkíìtì jẹ́ oúnjẹ tí àwọn kòkòrò búburú inú ìfun ehoro ń fẹ́. Wọn á mú kí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i. Epo pupa àti mílíìkì, tí a máa ń sáré gbé fún ẹni tó bá jẹ májèlé, kò ṣe é ní oore kankan, epo sì lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú. Fíìdì adìẹ kò ní fọ́nrán tó, oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ òmíràn nínú rẹ̀ sì lè pa ehoro.

Èyí tó burú jù ni kápúsù inú dúrọ́ọ̀. Amoxicillin, ampicillin àti penicillin tí a gba ẹnu fún ehoro máa ń pa àwọn kòkòrò tó wúlò nínú àpò ìfun yẹn. Àwọn tó ń pèsè májèlé á wá gba àyè wọn, ehoro á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dókítà lè lo penicillin ní abẹ́rẹ́, ó mọ ìdí. Ẹ má torí ìyẹn wá tú kápúsù sínú omi. Oògùn ìrora wà tó yẹ fún ehoro, ó sì máa ń ràn án lọ́wọ́ gan-an láti padà jẹun, ṣùgbọ́n dókítà ni kó wọ̀n ọ́n. Ẹ má fún un ní ti ènìyàn, ẹ má sì fún un ní àgbo.

Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru

Ọmọ ehoro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ló máa ń mú jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní kọ́kì ló ń fà á, inú ìgbẹ́ àti koríko tó ti dọ̀tí ló sì ń gbà ràn. Omi ara ọmọ ehoro máa ń tán kíá, nítorí náà ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Oògùn kọ́kì wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá fi ìwọ̀n ara ehoro ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Ẹ ya aláìsàn sọ́tọ̀, ẹ máa gbá abẹ́ àgò lójoojúmọ́, ẹ má da koríko sílẹ̀ fún wọn. Ẹ so ó rọ̀.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìdí rẹ̀, ẹ sì gbẹ ẹ́. Bí eṣinṣin bá yé ẹyin sí irun ìdí tó dọ̀tí, ìdin lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tí ara bá ń bọ̀ sípò

Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ tó bá jáde lè kéré, kó gùn, kí ikun bò ó. Inú yín lè dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ má gbé sírínjì sílẹ̀ títí ehoro yóò fi máa jẹ koríko fúnra rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ti ń fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ kan gbáko tí ìgbẹ́ kò sì jáde, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Lẹ́yìn náà, koríko ni kó gba èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Fíìdì kò yẹ kó ju gíráàmù 25 lọ lóòjọ́ fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ, ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 ṣe é. Ẹ má gé koríko ní etí oko tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko, tàbí ní etí ọ̀nà márosẹ̀. Koríko tí ẹ bá kó jọ ní tútù á gbóná, á sì bà jẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó rọ.

Lásìkò Iléyá àti Ojúde Ọba, tí àlejò kún ilé, tí ìbọn ń dún ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gbé àgò lọ sí ẹ̀yìnkùlé tàbí yàrá tó dákẹ́. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ àlejò kí wọ́n má fi ìrẹsì àti kéèkì ṣe é lálejò.

Bí inú bá tún ń yọ ehoro kan náà lẹ́nu léraléra, ẹ ní kí dókítà wo èrìgì rẹ̀, ìyẹn eyín ẹ̀yìn. Eyín ehoro kì í dẹ́kun láti máa hù, ẹnu eyín ẹ̀yìn tó ti mú á máa gún ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i láti ìta, kò sì ní fẹ́ jẹ koríko títí wọn yóò fi rẹ́ ẹ.