Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yí fáìlì iná padà láti IES sí LDT

Fáìlì iná, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí iná kan ṣe ń tan ìmọ́lẹ̀, kì í ké bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀. Bí o bá yí i padà lódìlódì, ó ṣì máa ṣí nínú DIALux tàbí Relux, àwọn sọ́fúwia tí a fi ń ṣètò iná, nọ́ńbà á jáde, àwòrán á sì wu ojú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò iná pé kí ẹ fara balẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń lo IES, tí ìlànà rẹ̀, LM-63, jáde ní 1986. EULUMDAT, ìyẹn LDT, ni ti ilẹ̀ Yúróòpù láti 1990. Iye ìmọ́lẹ̀ tí iná ń tàn sí igun kọ̀ọ̀kan ni àwọn méjèèjì ń sọ, àmọ́ òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀.

Má ṣe da nọ́ńbà IES kọ sínú LDT bó ṣe wà. Candela gangan, ìyẹn agbára ìmọ́lẹ̀ sí ìhà kan, ni IES ń kọ. LDT ń kọ candela fún lumen 1,000 kọ̀ọ̀kan; lumen ni òṣùwọ̀n gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde. Ká ní gílóòbù kan ní lumen 12,000, tí IES kọ candela 3,600 sí igun 60°. Fi 12 pín in: 300 ló yẹ kó wọ LDT. Bí o bá fi 3,600 síbẹ̀, sọ́fúwia á tún fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, á di 43,200. Ẹni tó bá fi irú fáìlì yìí ṣètò títì á ri òpó jìnnà síra, òkùnkùn á sì gba àárín wọn. Kó o tó pín in, ṣí fáìlì IES, wo ìlà tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà TILT=NONE: bí nọ́ńbà kẹta níbẹ̀ kì í bá ṣe 1, kọ́kọ́ fi sọ gbogbo candela di púpọ̀.

Orí ìlà yẹn náà ni iná LED ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Wàá rí -1 níbi tó yẹ kí lumen gílóòbù wà. Má fi í pín ohunkóhun. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n wọn iná náà lódidi. Ṣírò gbogbo lumen tó ń jáde lára rẹ̀, fi 1,000 pín in, fi èyí tó bá jáde pín candela, kó o sì kọ -1 síbi iye gílóòbù nínú LDT.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti igun. Fún iná títì, 0° IES kọjú sí ojú títì. 0° LDT na ẹ̀gbẹ́ títì lọ, 90° ló wá kọjú sí títì. Mo ti jókòó ti ẹnì kan tó ń yí gíga òpó padà láti àárọ̀, tó ní títì òun kò mọ́lẹ̀. Òpó kò jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó yí fáìlì náà ní 90°, ni ìmọ́lẹ̀ bá ń wọ ilé àwọn ará àdúgbò.

Bí nọ́ńbà kẹfà lórí ìlà abẹ́ TILT=NONE bá jẹ́ 2, bó ṣe sábà máa ń rí fún iná pápá bọ́ọ̀lù, má kàn sọ ọ́ di 1. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ka igun ló yàtọ̀. Ó di dandan kó o tún un ṣírò. Nọ́ńbà keje ń sọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn ìtóbi iná: 1 ni ẹsẹ̀ bàtà, 2 ni mítà. Mìlímítà ni LDT ń lò, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 4 á di 1,219. Má sì pa ìlà òfìfo rẹ́ nínú LDT, torí ipò ìlà ni sọ́fúwia fi ń mọ ohun tó ń kà.

Tó o bá parí, ṣí fáìlì méjèèjì, fi lumen tó ń jáde lára iná wéra, kó o wá mú igun kan ṣoṣo, kó o fi ọwọ́ ara rẹ ṣírò rẹ̀.