Bí A Ṣe Ń Se Ewé Ọ̀pọ̀tọ́ Kí Oore Rẹ̀ Má Baà Sọnù

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà, ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé ọ̀pọ̀tọ́ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fọwọ́ pa á wò kí ẹ tó sanwó, nítorí pé èyí tó bá ń ha ni lọ́wọ́ bíi sáńpépà, ewé eépín ni. Bí ẹ bá ṣẹ́ igi ewé náà, oje funfun bíi wàrà yóò jáde. Ó lè yún ni lára, nítorí náà ẹ fi omi iyọ̀ fọ ewé náà dáadáa. Ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún ìgbà díẹ̀. N kò fara mọ́ bíbọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì rárá, nítorí pé fítámìnì C máa ń bá omi tí a dànù lọ.

Èròjà irin (iron) tí ẹ̀jẹ̀ nílò wà nínú ewé yìí, ṣùgbọ́n irin inú ewé kì í tètè wọ ara. Ata tútù àti tòmátì ló ń ràn án lọ́wọ́, tíì mímu sì ń dí i lọ́nà. Ní ti èèpo igi rẹ̀, egbòogi ni, kì í ṣe oúnjẹ: táníìnì, èròjà kan tó wà nínú rẹ̀, máa ń so mọ́ irin, kì í jẹ́ kó wọ ara, kí aláboyún má sì ṣe mu àgbo rẹ̀ láìkọ́kọ́ bi dókítà.